Ọ̀nà Bàbá Ọ̀dà

Láti ìgbà tí ìjọba ti la títì tuntun gba ẹ̀yìn òkè, gbogbo ọkọ̀ akẹ́rù ti kó ariwo wọn lọ síbẹ̀, títì àtijọ́ tó ń bá odò rìn sì wá dákẹ́ bí ilé tí àwọn ọmọ ti kúrò. Wọ́n ri òpó irin mẹ́ta mẹ́ta mọ́ ìpẹ̀kun rẹ̀ méjèèjì. Ẹni tó ń fẹsẹ̀ rìn lè gba àárín wọn, oníkẹ̀kẹ́ náà lè gbà á, ṣùgbọ́n mọ́tò tó bá dán an wò, ọ̀dọ̀ mẹkáníìkì ló máa sùn. Ọdún kẹrin rèé. Koríko ti ń yọjú níbi tí ọ̀dà ti sán, àparò ń kó ọmọ rẹ̀ sọdá láìsáré, bí afẹ́fẹ́ ò bá sì fẹ́, èèyàn á máa gbọ́ ìró omi láti ìbẹ̀rẹ̀ títì náà dé òpin.

Kò sẹ́ni tó mọ rírì ìdákẹ́jẹ́ yẹn tó obìnrin alágbàfọ̀ kan tí wọ́n ń pè ní Tíńtín. Bàbá rẹ̀ ló sọ ọ́ lórúkọ yẹn nígbà tó wà lọ́mọdé, tó rí pẹ́lẹ́ńgẹ́ bí igi ìṣáná. Ó ti pé ẹni ọdún méjìdínlọ́gọ́ta báyìí, ara rẹ̀ ti kún dáadáa, ṣùgbọ́n ẹnikẹ́ni ò tíì sọ fún orúkọ náà. Láti ọjọ́ Ajé dé ọjọ́ Ẹtì, inú ooru ló ń wà, nínú yàrá gbọọrọ kan tí ògiri rẹ̀ máa ń làágùn bí èèyàn, níbi tí áyọ́ọ̀nù mẹ́ta ti ń mí èéfín, tí aṣọ ibùsùn ilé ìtura méjì àti ti ilé ìwòsàn kan sì ń dúró dè é lórí tábìlì, òkìtì lórí òkìtì. Ṣùgbọ́n bí ilẹ̀ ọjọ́ Àbámẹ́ta bá ti mọ́ báyìí, ó ti gbé kẹ̀kẹ́ rẹ̀ jáde nìyẹn. Ọkọ rẹ̀, tó jẹ́ onígbàjámọ̀, á dúró lẹ́nu ilẹ̀kùn ṣọ́ọ̀bù, á máa gbọn irun kúrò lára aṣọ, á ní, "Ìyá àwọn ọmọ, bí títì yẹn bá ní kóun gbé ẹ níyàwó, jọ̀ọ́, kọ́kọ́ sọ fún mi o."

Ọ̀rọ̀ òun àti títì náà kì í ṣe ọ̀rọ̀ àná. Bàbá rẹ̀ ló tọ́ títì náà, bí èèyàn ṣe ń tọ́ ọmọ. Ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n gbáko ni bàbá náà fi ṣiṣẹ́ lórí máìlì méje péré, láti ẹnu ọ̀nà ilé wọn dé ilé ìlagi tó wà ní àfonífojì kejì. Ó ń dí kòtò, ó ń gbá gọ́tà, ó ń gé koríko etí ọ̀nà, ó ń kun òkúta tí wọ́n kọ nọ́ńbà máìlì sí. Bàbá Ọ̀dà ni tọmọdé tàgbà ń pè é, torí ọ̀dà kì í kúrò lábẹ́ èékánná rẹ̀ bó ti wù kó fi ọṣẹ fọwọ́ tó. Bó bá ń bọ̀ wá jẹun, òórùn ọ̀dà á ti jókòó sídìí tábìlì kí òun fúnra rẹ̀ tó wọlé.

Lọ́dún tó kọjá, ẹ̀gbọ́n Tíńtín wá láti lo ọ̀sẹ̀ méjì lọ́dọ̀ rẹ̀. Àwọn méjì náà ni ìyá wọn bí. Ẹ̀gbọ́n fi ọdún márùn-ún jù ú lọ, ó sì ti lo ogójì ọdún ní èbúté, lórí ẹ̀rọ agbẹ́rù, nínú àpótí onígíláàsì kan lókè réré, níbi tó ti ń gbé àpótí irin ńlá ńlá jáde nínú ọkọ̀ ojú omi bí ẹni ń ṣa ẹyin lábẹ́ adìẹ. Ó ti fẹ̀yìn tì, ìyàwó rẹ̀ sì ti kú, ilé ṣófo, ló bá ní kóun wá wo àbúrò òun. Kì í wálé dáadáa tẹ́lẹ̀. Láti ìgbà tó ti fi ilé sílẹ̀ lọ́mọ ọdún mẹ́tàdínlógún, bó bá wá lónìí, ó di ọdún mẹ́ta. Kò sì fẹ́ràn ọ̀rọ̀ nípa títì yẹn rárá. Bí wọ́n bá ti dárúkọ rẹ̀, á béèrè omi mu.

Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Ẹtì, bí wọ́n ṣe jẹun tán, Tíńtín ní, "Bọ̀ọ̀dá mi, ẹ jẹ́ ká jọ gun kẹ̀kẹ́ gba ọ̀nà Bàbá lọ́la."

"Èmi?" Ẹ̀gbọ́n gbá ikùn ara rẹ̀ pẹ́pẹ́. "Kẹ̀kẹ́ wo ló ṣẹ̀ mí tí màá fi irú ìyà yìí jẹ ẹ́?"

"Ẹ ò rántí mọ́ ni? Òwúrọ̀ tí ọ̀dà tuntun gbẹ! Ẹ̀yin náà lẹ wà lẹ́yìn mi láti ilé dé ilé ìlagi. Gbogbo ọmọ mi ló mọ ìtàn yẹn lórí."

Ẹ̀gbọ́n wò ó. Ó béèrè omi mu. Ó mu ún tán, ó ní, "Ó dáa. Bá mi wá kẹ̀kẹ́ tó lágbára."

Ìtàn tí Tíńtín ń sọ nìyí. Nígbà tó wà lọ́mọ ọdún mẹ́jọ, ó ń gun kẹ̀kẹ́ bọ̀ láti ilé ìwé nígbà tí ọkọ̀ kan tó kó òkúta kọjá lára rẹ̀ fìrì. Ọkọ̀ náà ò fara kàn án, atẹ́gùn rẹ̀ nìkan ló gbé tọmọ ti kẹ̀kẹ́ sọ sínú gọ́tà. Apá rẹ̀ ọ̀tún kán. Apá jiná láàárín oṣù méjì, ṣùgbọ́n ẹ̀rù tó wọnú ọmọ ò bá a jáde. Fún odidi ọdún kan, kò fọwọ́ kan kẹ̀kẹ́. Bó bá gbọ́ fèrè ọkọ̀ lọ́nà jíjìn, á sá gun orí bèbè, á di igi mú títí ọkọ̀ á fi kọjá. Bàbá Ọ̀dà á máa wò ó láti ibi tó ti ń kó òkúta wẹ́wẹ́, ṣọ́bìrì rẹ̀ á dúró.

Lẹ́yìn náà ni wọ́n wá da ọ̀dà tuntun sí máìlì méjèèje. Wọ́n ti ọ̀nà pa fún ọjọ́ mẹ́ta. Ní àárọ̀ ọjọ́ kẹrin, bàbá jí i kí oòrùn tó yọ, ó gbé e ka orí kẹ̀kẹ́, ó ní, "Tíńtín, ọ̀dà ti gbẹ. Kò sí ọkọ̀ kankan lórí títì yìí láti ibí títí dé ilé ìlagi, kò sì ní sí. Máa lọ. Má wẹ̀yìn wò, ẹnì kan wà lẹ́yìn rẹ." Ó sì lọ. Títì dúdú, ó ń dán, òórùn rẹ̀ gbóná, òun nìkan ló ni ín. Ó ń gbọ́ ìró ṣéènì kẹ̀kẹ́ kejì lẹ́yìn rẹ̀, kò sì wẹ̀yìn wò. Nígbà tó dé ilé ìlagi, ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ló rí, òun ló gbé e sọ̀ kalẹ̀, òun ló ń rẹ́rìn-ín. Láti ọjọ́ yẹn lọ, kẹ̀kẹ́ di ẹsẹ̀ rẹ̀.

Lọ́jọ́ Àbámẹ́ta náà, wọ́n gbéra ní aago mẹ́fà àbọ̀ àárọ̀. Kẹ̀kẹ́ tí onígbàjámọ̀ yá fún Ẹ̀gbọ́n lọ́wọ́ oníbàárà rẹ̀ kan ga, ó wúwo, ìjókòó rẹ̀ sì le bí ìdájọ́. Ní ìwọ̀nba ìgbà tí wọ́n kọ́kọ́ lò lójú ọ̀nà, Ẹ̀gbọ́n ń lọ sọ́tùn-ún sósì, ọwọ́ kẹ̀kẹ́ ń bá a jà. Bó ṣe ń gba àárín òpó irin, ó yí ọrùn padà láti wo bóyá àbúrò òun ti kọjá, díẹ̀ ló kù kó wọ koríko lọ.

"Wọ́n ní bí ọmọdé bá ṣubú, á wo iwájú, bí àgbà bá ṣubú, á wo ẹ̀yìn," Tíńtín ní. "Ẹ̀yin ti ń wẹ̀yìn kí ẹ tó ṣubú."

"Dákẹ́ ẹnu ẹ. Ṣé ìwọ ni ìjókòó yìí ń gún?"

Ṣùgbọ́n nígbà tí títì tẹ̀ sí apá odò, tó bẹ̀rẹ̀ sí í rọra sọ̀ kalẹ̀, ẹsẹ̀ rẹ̀ rántí iṣẹ́ rẹ̀ àtijọ́. Ìkùukùu ṣì wà lórí omi. Odò ń yọ lápá òsì, ó ń farasin sẹ́yìn igi, ó tún ń yọ, bí ọmọ tó ń bá èèyàn ṣe bojúbojú. Lápá ọ̀tún, òkè kan tẹ̀ lé òkè kan, kò sí èyí tó ga jù nínú wọn, koríko bò wọ́n láti orí dé ẹsẹ̀. Ọ̀nà ń gòkè díẹ̀, á sọ̀ kalẹ̀ díẹ̀, á tún gòkè. Ìró táyà mẹ́rin lórí títì ni wọ́n ń gbọ́, pẹ̀lú ti kẹ̀kẹ́ Ẹ̀gbọ́n tó ń dún kẹ́-kẹ́-kẹ́ níbi tí ṣéènì ti gbẹ. Tíńtín ń fi ìka tọ́ka bó ṣe ń lọ: ibí ni Bàbá ti máa ń bọ́ fìlà rẹ̀ kọ́ igi, gọ́tà tó fi òkúta kọ́ fúnra rẹ̀ rèé, ẹ wò ó, kò tíì yẹsẹ̀, ibí yìí ni ìyá wọn máa ń gbé oúnjẹ ọ̀sán rẹ̀ wá bá a, tí wọ́n á jọ jẹ ẹ́ lẹ́gbẹ̀ẹ́ iná tó fi ń yọ́ ọ̀dà, tí ìyá á sì máa ṣàròyé pé gbogbo nǹkan tóun sè ló ń di olóòórùn títì. Ẹ̀gbọ́n ń dáhùn pé hẹn, hẹn-hẹn.

Wọ́n sinmi ní afárá olókùúta tó wà ní máìlì kẹrin. Wọ́n jókòó sórí odi rẹ̀, wọ́n bó ọsàn, wọ́n ń ju èèpo rẹ̀ sómi.

"Ibí yìí lẹ̀rù ti fẹ́ bà mí padà lọ́jọ́ yẹn," Tíńtín ní. "Mo rí omi lábẹ́, mo fẹ́ sọ̀ kalẹ̀. Ẹ̀yin lẹ bẹ̀rẹ̀ sí í súfèé lẹ́yìn mi. Bí mo ṣe gbọ́ súfèé yẹn, ara mi balẹ̀."

Ẹ̀gbọ́n gbé ọsàn tó wà lọ́wọ́ rẹ̀ kalẹ̀. Ó ṣu ètè jọ, ó fẹ́ ẹ. Afẹ́fẹ́ lásán ló jáde, fùù, bí ìgbà tí táyà bá ń jò. Ó tún fẹ́ ẹ lẹ́ẹ̀kejì, bákan náà ni.

"Tíńtín, mi ò mọ bí wọ́n ṣe ń súfèé. Mi ò mọ̀ ọ́n rí láyé mi."

Obìnrin náà rẹ́rìn-ín, ó rò pé àwàdà ni. Nígbà tó rí ojú ẹ̀gbọ́n rẹ̀, ó gbé ọsàn tirẹ̀ náà kalẹ̀.

"Ta ló wà lẹ́yìn mi nígbà náà?"

"Bàbá ni. Kẹ̀kẹ́ ọ̀rẹ́ wọn kan ni wọ́n yá, kó o tó dé ilé ìlagi ni wọ́n sì ti yà sẹ́yìn igi."

"Ẹ̀yin ńkọ́? Mo rí yín!"

"Ilé ìlagi lo ti rí mi. Ibẹ̀ ni mo wà láti aago márùn-ún, pẹ̀lú àsíá pupa lọ́wọ́." Ẹ̀gbọ́n nu ọwọ́ rẹ̀ mọ́ ṣòkòtò. "Aago mẹ́fà ló yẹ kí wọ́n ṣí ọ̀nà lọ́jọ́ yẹn. Bàbá fi ẹ̀wọ̀n àti kọ́kọ́rọ́ ti ìpẹ̀kun tó wà lọ́dọ̀ wa pa, wọ́n ju kọ́kọ́rọ́ sápò. Ti ilé ìlagi ò ní ẹ̀wọ̀n, igi kan lásán ni wọ́n gbé dábùú. Ni Bàbá bá ní kí n lọ dúró tì í, pé ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ kọjá títí ìwọ á fi dé. O mọ ìgbà tó o dé? Aago mẹ́sàn-án kọjá. Ò ń sáré bí ìgbín."

Tíńtín yí padà lórí odi, ó kọjú sí i.

"Ọkọ̀ tó tò síwájú mi lẹ́yìn ilé ìlagi, níbi tí ojú rẹ ò dé, á tó ogójì. Wọ́n ń fun fèrè, wọ́n ń bú mi. Awakọ̀ kan gbá mi létí. Mi ò kúrò níbẹ̀. Lẹ́yìn náà ni ọkọ̀ kékeré funfun kan gba ẹ̀gbẹ́ wá síwájú, ẹ̀ńjínníà àgbà ló wà níbẹ̀, ọ̀gá gbogbo àwọn tó ń ṣe títì. Ó sọ̀ kalẹ̀. Kò pariwo, ohùn jẹ́jẹ́ ló fi bá mi sọ̀rọ̀. Ó ní, 'Ọmọ mi, ta ló ní kó o dúró síbí?'" Ẹ̀gbọ́n ju èèpo kan sómi. "Mo ní bàbá mi ni. Mo tiẹ̀ dárúkọ wọn ní kíkún, bí wọ́n ṣe ń dárúkọ èèyàn nílé ìwé. Ọ̀sẹ̀ yẹn gan-an ló yẹ kí wọ́n fi Bàbá jẹ fọ́máànù. Ìyá wa ti ran ẹ̀wù tuntun fún wọn. Wọ́n fi ẹlòmíì jẹ ẹ́, ọmọ kan tó jẹ́ pé Bàbá ló kọ́ ọ bí wọ́n ṣe ń di ṣọ́bìrì mú. Bàbá sì gbé ṣọ́bìrì títí wọ́n fi fẹ̀yìn tì."

Omi ń lọ lábẹ́ wọn. Èèpo ọsàn kan há sí ara òkúta, ó ń yí po.

"Ọdún méjìdínláàádọ́ta," Tíńtín ní. Inú ń bí i, ó sì fẹ́ sunkún, kò mọ èyí tó máa kọ́kọ́ ṣe. "Ọdún méjìdínláàádọ́ta lẹ fi gbé irú ọ̀rọ̀ yìí sínú! Bàbá kú, mi ò dúpẹ́ lọ́wọ́ wọn. Ẹ̀yin ni mò ń dúpẹ́ lọ́wọ́ yín ní gbogbo ìgbà!"

"Wọ́n ní kí n má sọ fún ẹ. Wọ́n ní bó o bá gbọ́, ẹrù ni wàá máa gbé bó o bá ti gun kẹ̀kẹ́."

"Ìdí tẹ́ ẹ fi sá nílé nìyẹn?"

"Kí ni kí n máa wò nílé? Ojoojúmọ́ ni Bàbá ń bọ̀ pẹ̀lú ẹ̀yìn tó ti tẹ̀, tí ọmọ yẹn ń pàṣẹ fún wọn. Bí mo bá wò wọ́n, ohùn ara mi ni mò ń gbọ́. Bí mo bá sì wò ẹ́ lórí kẹ̀kẹ́, inú á bí mi sí ẹ. Ọmọdé ni mí nígbà náà."

"Wọ́n bá yín wí?"

"Rárá. Ì bá sàn." Ẹ̀gbọ́n rẹ́rìn-ín díẹ̀, ẹ̀rín tí ò dé ojú. "Ọdún tó ṣáájú èyí tí wọ́n kú ni mo tó láyà láti bi wọ́n. Wọ́n jókòó sẹ́nu ọ̀nà, wọ́n ń jẹ ẹ̀pà. Mo ní, 'Bàbá, ọ̀rọ̀ fọ́máànù yẹn, ṣé kò dùn yín?' Wọ́n jẹ ẹ̀pà tó wà lẹ́nu wọn tán ná. Wọ́n ní, 'Tíńtín jẹ táyà méjì lọ́dún yẹn. Méjì! Ó gun kẹ̀kẹ́ títí rọ́bà fi bó.' Ohun tí wọ́n sọ nìyẹn. Wọ́n tún na abọ́ ẹ̀pà sí mi."

Ìgbà yẹn ni ẹkún tó bọ́ lójú Tíńtín. Ó sunkún bí ọmọ kékeré, imú rẹ̀ ń ṣàn. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ wá aṣọ ìnujú lápò, kò rí, ló bá fún un ní fìlà rẹ̀. Ó fi fìlà nu ojú, ó tún fi fun imú. Ẹ̀gbọ́n gba fìlà padà, ó wò ó, ó ní, "Ìwọ alágbàfọ̀, ìwọ lo máa fọ eléyìí o." Bí wọ́n ṣe bú sẹ́rìn-ín nìyẹn, títí àparò kan fi fò jáde nínú koríko.

Lẹ́yìn afárá náà, òkè kan wà tó gùn ju gbogbo èyí tó kù lọ. Ẹ̀gbọ́n gùn ún dé ìdajì, èémí rẹ̀ ò ká a mọ́, ó sọ̀ kalẹ̀, ó ń ti kẹ̀kẹ́. Tíńtín náà sọ̀ kalẹ̀, kò fẹ́ fi í sílẹ̀. Wọ́n rìn ní ẹ̀gbẹ́ ara wọn, oòrùn ti gun orí èjìká wọn. Nígbà tí wọ́n dé orí òkè, àfonífojì kejì là sílẹ̀ níwájú wọn, títì na ara rẹ̀ lọ sísàlẹ̀ bí okùn tí wọ́n tú sílẹ̀, máìlì méjì gbáko, kò sí nǹkan kan lórí rẹ̀. Lọ́nà jíjìn réré, wọ́n rí òrùlé ilé ìlagi tó ti pọ́n.

"Bọ̀ọ̀dá mi, ẹ ò tíì gun ibí yìí rí nígbà tó ṣófo?"

"Ìgbà wo? Mo ń mú àsíá."

"Ẹ máa lọ níwájú. Màá wà lẹ́yìn yín."

"Bíréèkì kẹ̀kẹ́ yìí ò dá mi lójú o."

"Ẹ máa lọ jàre!"

Ó gun orí kẹ̀kẹ́, ó fi ẹsẹ̀ kan ti ilẹ̀, ó lọ. Ní àkọ́kọ́, ó di bíréèkì mú gírígírí, bíréèkì ń ké bí ẹyẹ. Nígbà tó yá, ó tú u sílẹ̀. Tíńtín rí bí ẹ̀wù rẹ̀ ṣe kún fún afẹ́fẹ́, tó wú lẹ́yìn rẹ̀ bí àpò. Òun náà tẹ̀ lé e, kò jẹ́ kó jìn sí òun jù, ó ń gbọ́ kẹ́-kẹ́-kẹ́ ṣéènì yẹn tó ń yára títí kò fi ṣe é kà mọ́. Ní àárín gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ náà, ọkùnrin ẹni ọdún méjìlélọ́gọ́ta náà ké tòò, igbe tí kò ní ọ̀rọ̀ nínú, òkè sì dá a lóhùn láti apá méjèèjì. Kò wẹ̀yìn wò.

Ní ilé ìlagi, tí kò sí ẹni tó ń la igi níbẹ̀ mọ́, wọ́n jókòó sórí ìtì igi kan tó ti jẹrà. Ẹ̀gbọ́n na ẹsẹ̀ rẹ̀. Ó fi ọwọ́ tọ́ka sí ibi tí igi ìdábùú náà wà àti ibi tí ọkọ̀ funfun náà dúró sí. Tíńtín rìn lọ síbẹ̀, ó dúró, ó wo iwájú, ó wo bí ọ̀nà ti fẹ̀ tó. Ó ro ọmọ ọdún mẹ́rìnlá tó dúró síbẹ̀ fún wákàtí mẹ́ta níwájú ogójì ọkọ̀.

"Ẹ ṣeun, bọ̀ọ̀dá mi," ó ní. "Mo dúpẹ́ tẹ́lẹ̀ nítorí ohun tẹ́ ẹ ò ṣe. Èyí tẹ́ ẹ ṣe gan-an ni mò ń dúpẹ́ rẹ̀ báyìí."

Ẹ̀gbọ́n kàn mi orí. Ó béèrè omi mu.

Ọ̀sẹ̀ méjì tó fẹ́ lò di mẹ́rin. Lẹ́yìn tó padà sí èbúté, oṣù kan kọjá, fóònù dún ní ọ̀sán ọjọ́ Ìṣẹ́gun kan nígbà tí Tíńtín ń ká aṣọ ibùsùn.

"Tíńtín, mo ra kẹ̀kẹ́."

"Ẹ ra kí ni?"

"Mo sì ti ṣubú. Ẹyẹ òkun kan ló dẹ́rù bà mí létí omi. Ìgbọ̀nwọ́ mi bó."

Tíńtín rẹ́rìn-ín títí ó fi fara ti tábìlì. Lẹ́yìn náà ló ní, "Ẹ fi omi gbóná àti ọṣẹ fọ ibẹ̀. Bó bá sì di ọ̀la, ẹ tún gùn ún o. Ẹ má jẹ́ kó pẹ́."

"Mo ti tún gùn ún," Ẹ̀gbọ́n ní. "Lẹ́yìn tí mo ṣubú ni mo tó gùn ún délé. Gbọ́, bí òjò bá dá, mò ń bọ̀. Ọkọ̀ ojú irin gbà kéèyàn gbé kẹ̀kẹ́ wọlé, mo ti béèrè."

Kàlẹ́ńdà kan wà lára ògiri, èyí tó fi ń mọ ọjọ́ tí aṣọ oníkálukú máa jáde. Tíńtín yí i títí dé oṣù tí òjò máa ń dá, ó fa ìlà yí ọjọ́ Àbámẹ́ta mẹ́rin tó wà níbẹ̀ po. Ó gbé áyọ́ọ̀nù, ó sì padà sídìí iṣẹ́ rẹ̀.